Ìgbọ̀nwọ́ Lẹ́nu Ibodè Bertrams

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá," ni Hakeem wí. "Kí gbogbo Johannesburg kó ara wọn jọ, kí wọ́n wá bá mi níbí. Bí ẹ̀jẹ̀ ọmọ wa kan ṣoṣo bá kán sílẹ̀ ní Bertrams lónìí, ẹ má pè mí ní Balógun mọ́. Ẹ máa pè mí ní Ìyá Hakeem."

Orí bọ́nẹ́ẹ̀tì Corolla kan tí kò ní ẹ́ńjìnì ló dúró lé tó ń sọ̀rọ̀ yìí, ó gbé sípánà táyà kọ́ èjìká bí ìbọn. Òwúrọ̀ Sátidé ni, nínú ìgbà òtútù, èémí tó ń jáde lẹ́nu oníkálukú ń rú bí èéfín sìgá. Èéfín mìíràn wà lójú ọ̀run níhà Jeppestown. Ìyẹn dúdú, kò sì ti ẹnu ẹnikẹ́ni jáde.

Àwọn ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ hó yèè. Wọ́n fẹ́ràn ẹnu Hakeem. Ọmọ Ìbàdàn ni, mẹkáníìkì ni, ó sì ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún ní ìlú náà. Níbi ìsọmọlórúkọ kan ni wọ́n ti kọ́kọ́ pè é ní Balógun Bertrams, nítorí pé ó jẹ ẹran méje tán kí àdúrà tó parí. Ẹ̀rín ni wọ́n fi fún un lóyè. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná yọ lójú ọ̀run lọ́sẹ̀ yẹn, tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò ṣíwájú, wọ́n wo ilé wo oko, wọ́n rí i pé oyè ogun kan ṣoṣo tí àwọn ní lọ́wọ́ nìyẹn. Wọ́n bá lọ gbọn eruku rẹ̀ nù, wọ́n gbé e wọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ Ajé ni ìlú náà ti yí ojú padà sí àwọn àlejò. Ṣọ́ọ̀bù kan ló kọ́kọ́ jó. Kó tó di Ọjọ́bọ̀, òpópónà ni wọ́n ń kà, wọn kò ka ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ará Nàìjíríà ni o, ará Malawi ni o, ará Sìmbábúwè ni o, ẹni tó bá ṣáà ti ń sọ èdè tí àwọn tó ń dáná sunlé náà kò gbọ́, ó ti wọ gàù. Wọ́n sì ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ àlejò. Wọn a dá ènìyàn dúró lójú títì, wọn a tọ́ka sí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, wọn a ní kó pe orúkọ rẹ̀ ní èdè Zulu. Indololwane ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá pè é já gaara, ó kọjá. Ẹni tí ahọ́n rẹ̀ bá kọsẹ̀ lórí rẹ̀, ara rẹ̀ ni yóò san án.

Òpópónà tí Hakeem ń ṣọ́ kò gùn. Ilé àtijọ́ bí mélòó kan ni, tí páànù orí wọn ti dípẹtà, tí àwọn ọmọ Yorùbá háyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò sì jìnnà sí pápá ìṣeré Ellis Park rárá. Wọ́n fi òkú ọkọ̀ àti táyà dí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n gbé fìríìjì bíbàjẹ́ méjì lé e. Wọ́n pe ibẹ̀ ní ibodè.

Àwọn obìnrin àti ọmọ wẹ́wẹ́ ti ń wọ taxi tí yóò kó wọn gòkè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Yeoville nígbà tí ọ̀kan nínú wọn sọ̀ kalẹ̀, tó padà wá. Fèyíkẹ́ ni, ọmọ Èkìtì, aránṣọ ní Rockey Street. Opó ni. Ọmọ kan ló bí, Olúwaníyì, tí gbogbo òpópónà ń pè ní Níyì. Johannesburg ni wọ́n bí ọmọ náà sí. Ó ti di géńdé báyìí, ó ń kàwé ní yunifásítì ní Auckland Park. Fèyíkẹ́ ní láti Ọjọ́bọ̀ ni òun ti kìlọ̀ fún un lórí fóònù pé kó jókòó sí yàrá rẹ̀, kó má sún mọ́ Bertrams títí ìjà yìí yóò fi rọlẹ̀. Ó ní shap ni ọmọ náà dáhùn, bí àwọn ọmọ ìlú náà ṣe ń sọ pé ó ti dáa. Òun sì mọ Níyì: bó bá ti ní shap báyẹn, kò gbọ́.

Hakeem kì í ṣe àlejò sí ọ̀rọ̀ Níyì. Láti ìgbà tí bàbá ọmọ náà ti kú, òun ló ń mú un wọ taxi lọ sílé ìwé. Nígbà náà, bí ẹ bá bá Níyì sọ Yorùbá, òyìnbó ni yóò fi dá yín lóhùn. Hakeem ló fi ọwọ́ mú un. Yóò tọ́ka sí etí rẹ̀, yóò tọ́ka sí imú, yóò tọ́ka sí ìgbọ̀nwọ́, ọmọ náà yóò pe orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá, yóò gba ṣingọ́ọ̀mù. Bí ọmọ náà bá fẹ́ dá a lágara, yóò kọ́kọ́ pè é ní Zulu, yóò rẹ́rìn-ín, kó tó wá pè é bó ṣe yẹ.

"Balógun," ni Fèyíkẹ́ wí, "ẹ búra fún mi nítorí ọmọ yìí."

Ṣọ́ọ̀ṣì ni Fèyíkẹ́ ń lọ, mọ́ṣáláṣí ni Hakeem ń lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí, kò sí èyí nínú Bíbélì àti Kùránì tó tó irin. Hakeem na sípánà síwájú. Ó gbé apá ọ̀tún sókè kí gbogbo ayé lè rí i, nítorí kò sí ohun tó ń ṣe tí kì í fẹ́ kí gbogbo ayé rí.

"Èmi Hakeem Àjàgbé, mo fi irin búra. Bí ọwọ́ ìyà bá kan Olúwaníyì lára, kí irin yìí má gbàgbé. Kí apá tó bá ṣe é má ká mọ́ títí wọn yóò fi gbé olúwa rẹ̀ sin."

Ó fi ahọ́n kan irin. Irin náà tutù tó bẹ́ẹ̀ tí ahọ́n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀ kó tó já, ó sì ṣe "yéè" lójú ogun rẹ̀. Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín. Fèyíkẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ sórí ọ̀dà títì, ó ní, "Àjàgbé, ọmọ Ìbàdàn, ẹ ṣeun," ó sì padà wọ ọkọ̀.

Lẹ́yìn tí taxi lọ tán ni wọ́n tó jókòó ìgbìmọ̀ ogun ní àgbàlá Magdalene. Magdalene ni ìyá arúgbó tó ni ilé tí Hakeem ń gbé. Ọmọ ilẹ̀ náà ni, Sotho ló ń sọ, kò sì gbọ́ èdè àwọn ayálégbé rẹ̀, wọn kò sì gbọ́ tirẹ̀. Ó gbé àga fún wọn, ó bá tirẹ̀ wọlé.

Dọ̀tun, ọmọ Èkìtì, ló ni ìmọ̀ nínú ìgbìmọ̀ náà. Olùkọ́ ìtàn ni ní yunifásítì kan náà tí Níyì ń lọ, ogun ayé àtijọ́ ló sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Kò tíì di ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n Bertrams ti fún un. Èkejì ni Kingsley, ará Warri tó ń ta fóònù, tó ní ọkọ̀, tí kò sì gbọ́ Yorùbá ju oúnjẹ àti èébú lọ. Hakeem ló jókòó sáàárín.

Dọ̀tun bẹ̀rẹ̀ láti Kírìjí. Ó ní bí àwọn Èkìtìparapọ̀ ṣe mọ odi wọn ni kí àwọn náà ṣe mọ ti Bertrams. Hakeem ní òun kò mọ ohun tó kan odi àwọn tí bàbá òun lù. Dọ̀tun ní bàbá ta ni wọ́n lù? Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Ìbàdàn fi jókòó síwájú òkè kan tí kò lè gùn ún. Hakeem ní ọdún mẹ́rìndínlógún náà ni Èkìtì fi wà lórí òkè tí kò lè sọ̀ kalẹ̀. Kingsley, tó ti gbọ́ orúkọ ogun náà nígbà mélòó kan, wá béèrè pé ta ló borí gan-an.

Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

"Ọ̀mì ni wọ́n ta," ni Dọ̀tun wí.

"After sixteen years," ni Kingsley wí. Ó mi orí.

Dọ̀tun wá yọ fóònù rẹ̀, ó ka ìròyìn kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ìròyìn náà ní ìjọba ti fagi lé eré bọ́ọ̀lù tó yẹ kó wáyé ní Ellis Park lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Inú pápá náà ni àwọn tó ń jó ṣọ́ọ̀bù yóò ti kóra jọ, ibẹ̀ ni wọn yóò gbà bọ́ sí Bertrams. Hakeem béèrè ẹni tó kọ ọ́. Dọ̀tun ní kò sí orúkọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ṣọwọ́ lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà, irọ́ kì í sì í rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ kí ẹnìkan má tíì já a. Bí ọ̀mọ̀wé bá ti sọ báyìí, ta ni mẹkáníìkì tí yóò jà á níyàn?

Ó ku ọ̀rọ̀ ibodè. Wọ́n mọ̀ pé ìjọba yóò mú iná lọ ní ìrọ̀lẹ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe lójoojúmọ́, pé òkùnkùn yóò tètè ṣú, pé ènìyàn yóò máa gba iwájú wọn kọjá tí wọn kò ní mọ ojú rẹ̀. Báwo ni wọn yóò ṣe mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́?

"Ìgbọ̀nwọ́," ni Hakeem wí. "Ohun tí wọ́n bi wá la ó bi wọ́n. Ẹni tó bá dé, ká tọ́ka sí ìgbọ̀nwọ́, kó pè é ní Yorùbá."

Dọ̀tun ní ìgúnpá ni àwọn ń pè é nílé àwọn. Hakeem ní nílé àwọn tí wọn kò lè sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, bóyá. Kingsley béèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé ìgbọ̀nwọ́ mélòó ni ọmọ Yorùbá kan ní. Wọ́n fi ti Balógun ṣe é, Kingsley sì ń rìn káàkiri àgbàlá, ó ń tọ́ ọ wò lẹ́nu: igbo-nwo, igbo-nwo. Dọ̀tun nìkan ló gbé ọwọ́ sókè. Ó ní ṣé kì í ṣe ìwà àwọn ènìyàn yẹn gan-an nìyí tí àwọn fẹ́ gbé wọ̀. Hakeem ní nílùú tí wọ́n bí òun sí, Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjòjì. Ìlú tó bá ń bi àjòjì ní orúkọ ìgbọ̀nwọ́, kó má bínú bí àjòjì bá bi òun náà. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Dọ̀tun pàápàá gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Hakeem ní ìdí tirẹ̀, kò sì sọ ọ́. Gbogbo òpópónà ló gbọ́ pé lọ́jọ́ Rú, nígbà tí wọ́n sun ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì rẹ̀ ní Jeppestown, ó bá ènìyàn mẹ́rin jà kó tó kúrò níbẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta ló dá a dúró, wọ́n tọ́ka sí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógún, ó ti tún ọkọ̀ bàbá ọ̀kan nínú wọn ṣe rí, ọ̀rọ̀ náà kò jáde. "Indolo... indolowani." Wọn kò lù ú. Ẹ̀rín ni wọ́n rín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi jókòó sílẹ̀, tó di ikùn mú. Wọ́n ní kó fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì rà jáde bí ọmọ ọwọ́, ó sì rà jáde, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ṣáná. Ká ní wọ́n lù ú ni, ì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sàn.

Nígbà tí oòrùn kúrò lágbedeméjì orí, ogun dé.

Orin ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́, orin ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà ni fèrè ike gígùn ń hó bí màlúù tí inú ń run. Wọ́n ń gba orí títì kọjá níbi robot, iná tó ń dá ọkọ̀ dúró, àwọn tó wà ní Bertrams sì ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn fìríìjì. Àwọn mìíràn kun ọ̀dà sójú. Àwọn mìíràn dé àkẹtẹ̀ ike líle tí wọ́n gé tí wọ́n sì fi ṣe ìwo.

Kingsley ní, "But these ones na ball people o."

Dọ̀tun yí ojú sí i bí ẹni tó fẹ́ kọ́ ọmọ kíláàsì. Ó ní a ti gbọ́ pé kò sí bọ́ọ̀lù. Bí kò bá sí bọ́ọ̀lù, kí ni àkẹtẹ̀ bọ́ọ̀lù ń ṣe lórí ènìyàn? Ó ní ọgbọ́n ogun ni, láti ayé àtijọ́ ni jagunjagun ti ń wọ aṣọ ọdẹ. Kò sí ẹni tó lè já a.

Magdalene jáde wá, ó wo títì, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sọ nǹkan kan ní Sotho. Dọ̀tun tẹrí ba fún un, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí màmá jọ̀ọ́ wọlé, kí àwọn ènìyàn náà má baà rí i pé ó gba àlejò sílé. Magdalene wò ó lókè wò ó nísàlẹ̀. Ó ní eish, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ sú. Ó wọlé, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ń gbọ́ rédíò rẹ̀ láti inú yàrá.

Ogun kọjá. Ẹnikẹ́ni kò yà sí òpópónà wọn, ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ wo ibẹ̀. "Wọ́n rí wa!" ni Hakeem wí, ó gun Corolla rẹ̀ padà, àwọn ọkùnrin sì fi oríkì bò ó mọ́lẹ̀ títí ọrùn rẹ̀ fi gùn.

Ayọ̀ náà kò pẹ́. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ariwo kan gbéra láti inú pápá, ariwo tí wọn kò gbọ́ irú rẹ̀ rí lọ́sẹ̀ náà, páànù orí ilé gbọ̀n. Dọ̀tun ní wọ́n ń mulẹ̀. Kingsley kúnlẹ̀ sáàárín táyà, ó ń ké pe Ọlọ́run. Ọ̀sán lọ, ìrọ̀lẹ́ ń bọ̀, ariwo kejì dé, ó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Dọ̀tun ní wọ́n ti mulẹ̀ tán. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó tún ṣe àwàdà mọ́. Wọn kò tíì jẹun láti àárọ̀. Hakeem sọ̀ kalẹ̀ lórí Corolla, ó fi ọwọ́ méjèèjì di sípánà mú.

Iná lọ. Robot kú. Ojú ọ̀run pọ́n díẹ̀, ó sì dúdú. Àwọn ènìyàn náà ń padà bọ̀ lórí títì, orin wọn ti wálẹ̀, ọ̀pọ̀ ń rìn lọ wúruwùru. Ẹnìkan ṣoṣo ló yà kúrò láàárín wọn. Ó dorí kọ ibodè, ó ń yára, ìwo àkẹtẹ̀ rẹ̀ ń mì, ọ̀dà bo ojú rẹ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n.

Hakeem bọ́ síwájú àwọn tó kù. Sárẹ́ẹ̀fù tó fi dí imú nítorí èéfín kò jẹ́ kí ojú tirẹ̀ náà hàn.

"Dúró," ni ó wí. Ó fi sípánà tọ́ka sí apá ẹni náà. "Kí là ń pe èyí?"

Ẹni náà dúró. Ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó gbọ́ ohùn tó mọ̀. Ó gbé apá sókè, ó fi ìka kan ìgbọ̀nwọ́ ara rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Indololwane," ni ó wí.

Ó pè é já gaara. Ẹ̀rín náà ni Hakeem gbọ́. Kò rí ènìyàn kan ṣoṣo lójú òkùnkùn, ó rí mẹ́ta. Ọ̀kan jókòó sílẹ̀, ó di ikùn mú. Sípánà lọ sókè, ó sì balẹ̀ sórí ìgbọ̀nwọ́ tí wọ́n gbé sókè náà, ó dún bí ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ́ igi gbígbẹ. Ẹni náà ṣubú. Hakeem tún lù ú níbẹ̀ nígbà tó ti wà nílẹ̀. Ti àkọ́kọ́, ènìyàn lè pè é ní àṣìṣe. Ti èkejì yìí, kò sí orúkọ mìíràn fún un ní Yorùbá tàbí ní Zulu.

Àkẹtẹ̀ oníwo náà yí gbirigbiri lọ sábẹ́ Corolla.

"Ìgbọ̀nwọ́," ni ẹni tó wà nílẹ̀ wí. "Ìgbọ̀nwọ́ ni, Uncle Hakeem. Mo kàn ń bá yín ṣeré ni."

Dọ̀tun tan iná fóònù sí i. Ọ̀dà àti omijé ti dàpọ̀ lójú Níyì.  Ogun ti gba orí títì kọjá lọ, a ń gbọ́ tí ẹnìkan ń fọn fèrè rẹ̀ lọ lókèèrè, kò sì wo ẹ̀yìn.

Kingsley gbé wọn sínú ọkọ̀, ó gba ọ̀nà ẹ̀yìn kí wọ́n má baà pàdé ogun. Níyì béèrè ìyá rẹ̀. Ó ní láti àná ni fóònù ìyá òun kò ti lọ, ìdí tí òun fi yà wá nìyẹn. Dọ̀tun sọ fún un pé Yeoville ni ìyá rẹ̀ wà, láti òwúrọ̀. Ọmọ náà ní shap. Lẹ́yìn náà ìrora gbé e lọ, kò sọ nǹkan kan mọ́.

Nínú ọkọ̀ náà ni ìgbìmọ̀ ti jókòó lẹ́ẹ̀kejì. Dọ̀tun rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní wọn yóò béèrè ní ilé ìwòsàn, ọlọ́pàá lè béèrè, Fèyíkẹ́ yóò béèrè. Ó ní bí òpópónà náà bá pàdánù Balógun rẹ̀ lọ́jọ́ òní, ó ti tú. Ó ní àwọn tó ń jó ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀ṣẹ̀ tó wà lọ́rùn wọn kúkú ti pọ̀, ọ̀kan sí i kò lè tẹ̀ wọ́n. Kingsley ń wa ọkọ̀, ó tẹjú mọ́ ọ̀nà. Wọ́n ń dúró de Hakeem.

Hakeem dákẹ́. Nínú gbogbo ohun tó ṣe lọ́jọ́ náà, ìdákẹ́jẹ́ yẹn nìkan ni kò ní ìbínú nínú rárá.

Fèyíkẹ́ dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì, gèlè rẹ̀ ti tú sọ́rùn. Dókítà tó bá wọn sọ̀rọ̀ jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ó sì fi èdè ilé sọ ọ́ fún un kó lè rọ̀ ọ́ lára. Ó ní ẹ̀mí ọmọ náà kò sí nínú ewu. Ó ní wọn kò ní gé apá náà, yóò wà lára rẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ náà ni kò sí mọ́.

"Irin la fi dè é, mà. Kò ní ká mọ́."

Hakeem wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ láti ẹnu ẹlòmíràn. Ìbúra rẹ̀ ti jáde nílé láti òwúrọ̀, ó ti rìn títí, ó sì ti ya ilé tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó ká apá ọ̀tún rẹ̀. Apá náà ká. Ó nà án, ó tún ká a, bí ẹni ń tọ́ ilẹ̀kùn wò bóyá wọ́n tì í.

Fèyíkẹ́ béèrè ẹni tó ṣe é. Kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, Dọ̀tun ti wà nínú ìtàn, iṣẹ́ rẹ̀ kúkú ni. Ó ní nígbà tí ogun ń padà bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti mulẹ̀, wọ́n bá ọmọ náà lórí títì, wọ́n bi í ní orúkọ ìgbọ̀nwọ́. Ó ní Balógun nìkan ló fo ibodè, tó là wọ́n láàárín, tó gbé e jáde, tí ogun náà sì yí padà nígbà tó rí irin lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ ọ́ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì fi ń sunkún, tí Kingsley fi ń wo ilẹ̀.

Fèyíkẹ́ kúnlẹ̀ síwájú Hakeem nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, ó di orúnkún rẹ̀ mú.

"Àjàgbé. Ọmọ Ìbàdàn. Ẹ mú ìbúra yín ṣẹ. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí apá yín rọ."

Hakeem la ẹnu. Gbogbo wọn rí i pé ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀, ó dé eyín, ó dé ètè. Ohun tó wá jáde ni, "Mo gbìyànjú."

Nígbà náà ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí Fèyíkẹ́. Ó dìde, ó nu ojú. Obìnrin tí kò bá ẹnikẹ́ni jà rí ní Rockey Street ní kí wọ́n wá wọn rí, kí wọ́n ṣẹ́ apá tiwọn náà, kí ìyá tiwọn náà gbọ́ bó ṣe ń dùn. Dọ̀tun gbé fóònù sẹ́nu, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí Yeoville pé wọ́n ti ṣẹ́ apá ọmọ wa ní Bertrams. Èsì dé kó tó gbé e kúrò lẹ́nu. Àwọn ọ̀dọ́ ti jáde sí Rockey Street pẹ̀lú igi àti irin, wọ́n ń béèrè pé ọ̀nà ibo ni kí àwọn gbà. Fóònù náà ń dún, ó ń dún. Hakeem ń wò ó lọ́wọ́ Dọ̀tun.

Nọ́ọ̀sì kan yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ọmọ wọn ti jí.

Gbogbo wọn rọ́ wọlé. Hakeem dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn, kò wọlé, kò jáde. Wọ́n ti nu ọ̀dà kúrò lójú Níyì, ó ku díẹ̀ létí. Apá ọ̀tún rẹ̀ nà gbọnrangandan lórí ìrọ̀rí bí ẹni ń tọ́ka sí nǹkan. Oògùn ṣì wà lójú rẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀. Ó wo Dọ̀tun, tí fóònù wà létí ẹnu rẹ̀. Ó wo Kingsley. Ó wo Hakeem, ojú rẹ̀ sì pẹ́ lára ìyẹn.

Fèyíkẹ́ gbá ọwọ́ òsì rẹ̀ mú. Ó ní kó má bẹ̀rù, pé àwọn ènìyàn rẹ̀ ló yí i ká, pé Yeoville ti dìde nítorí rẹ̀. Ó ní kó sọ fún òun: àwọn ọmọ ogun yẹn, ojú ta ni ó rí nínú wọn?

Ọmọ tó máa ń fi òyìnbó dá gbogbo ayé lóhùn, Yorùbá ló fi dáhùn.

"Ọmọ ogun wo, Mọ́mì? Bọ́ọ̀lù ni gbogbo wa lọ wò. Ọ̀mì ni wọ́n ta."